Okùn Tó Kù Lórí Igi

"Mi ò ní tẹ ìka mi sórí irọ́!"

Obìnrin náà kò jókòó. Kọ́ńsítébù ti fa àga fún un títí ó ti sú u, ṣùgbọ́n ó dúró gbagidi níwájú tábìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú etí tábìlì náà bí ẹni tó fẹ́ yí i dànù. Ìwé tí wọ́n ní kó tẹ ìka sí wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò gùn. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀, agungi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́, mutí yó, ó gun igi lọ, ó fi ayùn ẹlẹ́rọ gé okùn ara rẹ̀, ó já bọ́, ó sì kú. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi.

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá," kọ́ńsítébù wí.

"Ara wo ni kí n fi balẹ̀? Ọkọ mi kì í fẹnu kan ọtí! Níbi ìsìnkú rẹ̀, ọ̀gá wọn dúró lójú gbogbo ayé, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ fi ikú ọkọ mi kọ́gbọ́n, kí wọ́n yé mutí. Ọmọ mi lọ sílé ìwé, wọ́n ń pè é ní ọmọ ọ̀mùtí. Ẹ wá ní kí n tẹ̀ka sí i. Kí n fọwọ́ ara mi sin ín lẹ́ẹ̀kejì, àbí?"

Nínú yàrá kejì, obìnrin kékeré kan tó ń so okùn bàtà rẹ̀ dá ọwọ́ dúró. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àgbà ni. Abẹ́rẹ́ ni àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé ó kéré, ó sì ń gún. Àwọn ọ̀daràn tó rò pé àwọn lè gbé e mì bí adìẹ ti ń gbé àgbàdo mì, ọ̀fun wọn ló mọ ìyókù. Ó jáde wá, ó mú ìwé náà, ó kà á tán lórí ìdúró.

"Ta ló sọ pé ó mutí?"

"Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn ni, Màdáàmù. Òun náà ló ní ó gé okùn ara rẹ̀. A bá ayùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ojú ibi tí ayùn ti gé okùn sì hàn gbangba. Ọ̀rọ̀ ti parí."

"Bó bá ti parí, ta lẹ tì mọ́ àtìmọ́lé lánàá?"

Kọ́ńsítébù wolẹ̀. "Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ìdákọ̀ró ni, ẹni tó máa ń wà nísàlẹ̀ igi, tó ń fi okùn sọ ẹ̀ka kalẹ̀. Nígbà tí ìyàwó òkú ní òun ò gbà, ọ̀gá wọn wá rántí pé Ìdákọ̀ró àti Ọ̀kẹ́rẹ́ jà lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ó ní bóyá Ìdákọ̀ró ló gé okùn náà."

"Ẹ ní òkú ló gé okùn ara rẹ̀. Ẹ tún ti ẹlòmíràn mọ́lé pé òun ló gé e. Okùn mélòó ló já?"

Opó náà yíjú sí Abẹ́rẹ́.

"Ẹ lọ gbé ayùn tí wọ́n ní wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan gbé e. Kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ lè gbé e gun igi."

*

Ayùn náà wà lórí pákó nínú yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rí sí. Abẹ́rẹ́ fọwọ́ kan gbé e, apá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Irú ayùn ńlá tí wọ́n fi ń gé ìtì tó ti wà nílẹ̀ ni. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dì í mú, ẹni tó ń lò ó yóò sì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa kó tó tan án. Agungi ní ayùn tirẹ̀, kékeré, tó máa ń fi kọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀.

"Ọ̀gá wọn ní olóògbé fẹ́ràn àṣehàn," kọ́ńsítébù wí.

"Wá sípánà fún mi."

Ó tú ìdérí tó bo ibi tí ṣéènì ti ń yí. Lẹ́búlẹ́bú igi kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, ó ti pò mọ́ ọ́ìlì. Ó fi ìṣó họ díẹ̀ sórí bébà funfun, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Pupa ni, pupa bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ.

"Báwo ni inú igi tí wọ́n ń gé lọ́jọ́ náà ṣe rí?"

"Màdáàmù, inú igi ni. Ta ló ń wo inú igi?"

"Inú ènìyàn là kì í rí. Ti igi, bó o bá ti gé e, wàá rí i. Mú kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé wá."

*

Ìdákọ̀ró ga, ó sì fẹ̀ bí ìlẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ wú. Kò sẹ́ni tó lù ú. Ẹkún ló ti sun.

"Kí lẹ jà lé lórí?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Ó fẹ́ kúrò nílé-iṣẹ́ wa. Mo ní ta ló fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún. Mo tì í, ó tì mí. A rẹ́rìn-ín nígbà tó yá."

"Ta ló rí ẹ̀rín yín?"

"Kò sí. Ìjà nìkan ni ojú ayé ń rí, Màmá."

"Sọ ọjọ́ tó ṣubú fún mi. Má fi iyọ̀ sí i."

"Ó gùn ún dókè. Ó so okùn mọ́ ibi tí igi ti yà sí méjì, ó wá fara tì sẹ́yìn báyìí kó lè yọ ayùn. Mo gbọ́ 'pàù', mo gbọ́ igbe rẹ̀. Kí n tó gbójú sókè, ó ti wà nílẹ̀."

"Ayùn ti ń dún?"

"Rárá o. Mo ní ó fẹ́ yọ ọ́ ni."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo sáré jáde lọ wá ọkọ̀. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wọ inú ọgbà ni. Òun ló ní ẹrù kún ọkọ̀ òun, kí n sáré wá òmíràn, pé òun á dúró tì í."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

Kọ́ńsítébù tẹ́tí. Abẹ́rẹ́ kò wò ó.

"Nígbà tó o wà lójú títì, o gbọ́ ìró ayùn?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ariwo ọkọ̀, àti ariwo orí mi."

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ló yàtọ̀? Bó ti wù kó kéré tó."

Ìdákọ̀ró ronú, ó mi orí, ó tún ronú. "Okùn rẹ̀ tutù. Ó bèèrè ohun tó fà á. Ọ̀gá ní àwọn bá a fọ̀ ọ́ nítorí eruku. Àwa méjèèjì wo ara wa. Níbi iṣẹ́ wa, bó o bá fẹ́ gíríìsì sẹ́nu ẹ̀rọ, wàá bẹ̀bẹ̀ títí ọ̀fun á gbẹ. Ta ló ń fọ okùn fún ọmọ iṣẹ́? Ọ̀kẹ́rẹ́ ní bóyá ọ̀gá ti gbọ́ pé òun fẹ́ lọ ni, tó fi ń ṣojú rere. Ó fọwọ́ fa okùn náà láti òpin dé òpin bó ṣe máa ń ṣe, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó tún ń rẹ́rìn-ín, Màmá. Ó ń gun igi lọ, ó ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ náà lọ."

Ó fi orí lé orókún.

Níta, kọ́ńsítébù kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ó ti yé mi, Màdáàmù! Ọ̀gá wọn gbọ́ pé ó fẹ́ lọ, inú bí i, ó fi ọ̀bẹ ha okùn rẹ̀ lóru."

"Ẹni tó fọwọ́ fa okùn láti òpin dé òpin, ojú ọ̀bẹ lá fara pamọ́ fún un? Má tíì gbé ẹnikẹ́ni kọ́. Mú mi lọ síbi igi náà."

*

Igi náà dúró láàárín ọgbà ilé kan tí àwọn onílé ti rìnrìn-àjò, apá rẹ̀ kan sì na sórí òrùlé. Ẹ̀ka tí Ọ̀kẹ́rẹ́ gé lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ewé wọn ti rọ. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ha ojú ibi tí wọ́n gé. Ó funfun bí inú iṣu.

"Ayùn ńlá yẹn kò tíì fẹnu kan igi yìí rí," ó ní.

Lódìkejì ògiri, ìyá àgbà kan ń sá aṣọ. Nígbà tó rí kọ́ńsítébù, ó pòṣé. "Mo ti bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ tún un sọ fún èmi náà," Abẹ́rẹ́ wí.

"Mo ní mo gbọ́ igbe, mo gbọ́ ayùn."

Abẹ́rẹ́ wo kọ́ńsítébù. Ohun tó kà nínú àkọsílẹ̀ kọ́ńsítébù ni pé ìyá gbọ́ ayùn, ó sì gbọ́ igbe.

"Èwo lẹ kọ́kọ́ gbọ́?"

"Igbe ni. Igbe, pẹ̀lú ohun tó wó lulẹ̀. Ọkàn mi já. Mo ń wá bàtà mi kí n lè jáde wò ó ni mo gbọ́ tí ayùn dún. Kò pẹ́ rárá, ó bú, ó dákẹ́. Mo ní, ẹ̀yin ènìyàn wọ̀nyí mà le o! Ènìyàn ṣubú, ẹ ṣì ń gé igi?"

Abẹ́rẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rìn kúrò lẹ́bàá ògiri, ó yí padà.

"Ta ló ní kó o yí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn po?"

"Mo rò pé ohun kan náà ni, Màdáàmù. Igbe àti ayùn, ayùn àti igbe…"

"Ohun kan náà! Bó o bá jẹ iṣu kó o tó sè é, ohun kan náà ni? Ọkùnrin kan ń sùn lórí símẹ́ńtì nítorí pé o rò. Ẹni tó ti kú kò lè tan ayùn. Ẹni tó dúró tì í ló tàn án. Nígbà wo? Nígbà tí Ìdákọ̀ró wà lójú títì. Kí ló fi ayùn náà gé?"

"Okùn."

"Okùn tó ti já. Kí ló dé tí ènìyàn á fi gé okùn tó ti já?"

Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ó rìn yí ìdí igi ká, ó fọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn, ó gbójú sókè. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ọrùn fi ń ro ó. Níbi tí igi ti yà sí méjì, lókè pátápátá, okùn kúkúrú kan rọ̀ sílẹ̀, ó ń mì nínú afẹ́fẹ́.

"Kò sẹ́ni tó lọ mú èyí sọ̀kalẹ̀?"

"Ó ga jù, Màdáàmù. A ti ní ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́."

"Pe panápaná. Sọ fún wọn pé àkàbà wọn tó gùn jù ni mo fẹ́."

*

Ọkùnrin panápaná tó mú okùn náà sọ̀kalẹ̀ nà án sí Abẹ́rẹ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò léraléra.

Wọ́n tẹ́ bébà sórí iwájú ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n fi okùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Okùn agungi ní awọ lóde, ó ní ọ̀pọ̀ fọ́nrán nínú bí mùdùnmúdùn nínú eegun. Èyí tí wọ́n bá lára òkú ti tú yẹ́úyẹ́ú lójú ibi tí ayùn ti gé e. Ọ́ìlì wà lára rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pupa sì lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì náà. Èyí tó ti òkè wá kò ní ọ́ìlì rárá. Awọ rẹ̀ kàn ṣì díẹ̀ ni, àfi ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló lè rí i. Ṣùgbọ́n fọ́nrán inú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti gan. Abẹ́rẹ́ fi ìka méjì rún un, ó fọ́ bí bisikíìtì. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó kan.

"Okùn tó já, ojú rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu bí ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kọ́ńsítébù tó mọ̀ ọ́n sì mọ̀ pé bó bá ti lọ sílẹ̀ báyẹn, inú ti bí i dé góńgó. "Nǹkan kan jẹ okùn yìí láti inú. Ó já bí okùn jíjẹrà ti ń já. Ẹnì kan rí ojú jíjẹrà náà lára òkú, ó fi ayùn gé e kúrò, ó gbé e sápò, ó ju ayùn sílẹ̀. Ti orí igi ni kò lè dé. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè gun igi yìí nínú wọn ló dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

"Kí ló ń jẹ okùn láti inú?"

"A ó lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn."

*

Àkọ́bí ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ṣe, nítorí pé òun ni ọmọ ọ̀gá tó dàgbà jù. Ọkùnrin tó tó ọgbọ̀n ọdún ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ àti kọ́ńsítébù wọlé, ó ń fi fáìlì pọ́n eyín ṣéènì, kò sì dáwọ́ dúró.

Yàrá náà tẹ́jú, ó létò. Ẹ̀rọ ńlá tó ń lọ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti tú ẹnu rẹ̀ láti pààrọ̀ abẹ. Àwọn bátìrì wà lórí pẹpẹ ọwọ́ ọ̀tún, okùn wà lára ògiri òsì. Láti fèrèsé ẹ̀yìn, Abẹ́rẹ́ rí ìtì igi kan tí wọ́n ti gé dé ìdajì. Inú rẹ̀ pupa.

Àwọn ayùn wà lórí ìkọ́, wọ́n tò láti ńlá dé kékeré. Ó mú èyí tó kéré jù. Wọ́n ti fi téèpù wé ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́. Ó mì ín. Epo kún inú rẹ̀ dé ẹnu.

"Ti Ọ̀kẹ́rẹ́ lèyí," ó ní. "Epo kún inú rẹ̀. Kò tan án rárá. Ta ló gbé e wá síbí?"

Fáìlì dúró. "Mi ò mọ̀, Màmá."

"Lábẹ́ bátìrì wọ̀nyẹn, ihò ìṣó tò lára ògiri. Kí lẹ máa ń kọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Nǹkan… nǹkan wẹ́wẹ́."

"Símẹ́ńtì ilẹ̀ ibẹ̀ ti jẹ wàgùnwàgùn. Ṣòkòtò rẹ náà ti jẹ lójú itan. Eku ni?"

Àkọ́bí fọwọ́ bo itan rẹ̀. "Iná ni."

"Iná a máa fi dúdú sílẹ̀. Ti ìwọ yìí ràkọ̀ràkọ̀. Bátìrì ni. Omi bátìrì."

Kọ́ńsítébù fò sókè. "Ìwọ lo dà á sí okùn rẹ̀! O fẹ́ pa á!"

"Irọ́ ni!" Fáìlì bọ́ lọ́wọ́ Àkọ́bí. "Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pọ́n ṣéènì! Òun ló kọ́ mi ní gbogbo iṣẹ́ yìí! Bátìrì ẹ̀rọ ńlá yẹn ni mò ń gbé sọ̀kalẹ̀, ó yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, omi rẹ̀ dà. Ìdajì dà sí mi lára, ìdajì dà sórí okùn tó wà lábẹ́ rẹ̀."

"Okùn ta ni?"

"Tirẹ̀." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo sá lọ bá bàbá mi, mo ní ká ju okùn náà nù. Wọ́n ní igi ń bẹ tí a fẹ́ lọ gé lọ́la, iṣẹ́ ò lè dúró de okùn. Wọ́n ní kí n fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó mọ́, Màmá. Nígbà tó mọ́, ọkàn mi balẹ̀."

"O sọ fún Ọ̀kẹ́rẹ́?"

"Bàbá mi ní…"

"Mi ò bèèrè bàbá rẹ. Ìwọ. O sọ fún un?"

"Rárá."

"Ayùn yìí ńkọ́?"

"Bàbá mi ni wọ́n gbé e wá nínú ọkọ̀ wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe."

"O rí ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́. O mọ ibi tó ti já bọ́. O gbọ́ pé wọ́n ń pe ẹni tó kọ́ ẹ níṣẹ́ ní ọ̀mùtí níbi ìsìnkú rẹ̀. O gbọ́ pé wọ́n ti Ìdákọ̀ró mọ́lé. O ń pọ́n ṣéènì."

"Bàbá mi ni, Màmá. Kí ni kí n ṣe?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ní ọmọ tó ń pè é ní bàbá. Dìde. Ìwọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

*

Ọ́fíìsì ọ̀gá kọjú sí àgbàlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kó irinṣẹ́ sínú ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ ti ránṣẹ́ pe opó, ó sì ti ní kí wọ́n tú Ìdákọ̀ró sílẹ̀ kí wọ́n mú un wá. Nígbà tí ọ̀gá rí àwọn méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín tó ti ń mú bọ̀ gbẹ sójú rẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ káàbọ̀. Ṣé Ìdákọ̀ró ti jẹ́wọ́ ni?"

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́wọ́."

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin ọlọ́pàá yìí sì…"

Abẹ́rẹ́ gbé okùn méjèèjì lé orí tábìlì rẹ̀. Ó gbé ayùn kékeré tì í.

"Ẹ ní ó gé okùn ara rẹ̀. Ayùn rẹ̀ nìyí, kò tàn án. Ẹ ní ayùn ńlá ni. Ayùn ńlá yẹn, igi pupa tó wà lẹ́yìn yàrá irinṣẹ́ yín ló gé gbẹ̀yìn, inú igi tí Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí rẹ̀ sì funfun. Aládùúgbò gbọ́ igbe kó tó gbọ́ ayùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Ojú ibi tẹ́ ẹ gé nìyí. Ojú ibi tí okùn ti já gan-an nìyí, ó wà lórí igi láti ọjọ́ náà, ó ń dúró de ẹni tó máa gbójú sókè."

Ọ̀gá kò fọwọ́ kan okùn náà. "Ṣé ẹ rí mi ni? Ta ló rí mi?"

"Bàbá," Àkọ́bí wí láti ẹ̀yìn, "mo ti sọ fún wọn."

Ìyẹn ló dà á rú. Ó na ìka sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ! Nítorí rẹ ni mo ṣe é! Bátìrì ta ló dà? Kí n jẹ́ kí wọ́n wá gbé ọmọ mi?" Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó kú! Okùn náà mọ́! Èmi fúnra mi fọwọ́ fà á wò. Ẹni tó kú sì ti kú, Màdáàmù. Bí mo bá sọ ọ́ jáde, wọ́n á ti ibí yìí pa. Gbogbo àwọn tó wà níta yẹn, kí ni wọ́n á máa jẹ? Mo ní, òkú kò ní ojú tí yóò fi tijú…"

"Ọ̀rọ̀ bátìrì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú," Abẹ́rẹ́ gé e lẹ́nu. "Bátìrì a máa dà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ó dà, tẹ́ ẹ fi okùn náà lé e lọ́wọ́, tẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀, tẹ́ ẹ ní ẹ bá a fọ eruku. Ẹ jẹ́ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Nígbà tó já bọ́, ẹ lé ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ jáde, ẹ lọ gbé ayùn nínú ọkọ̀ yín. Ó ṣeé ṣe kó ṣì ń mí nígbà tẹ́ ẹ tàn án. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó?"

Ọ̀gá yíjú sí àgbàlá.

"Mo bi yín léèrè, sà. Ṣé ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó?"

"Mi ò… Ẹ̀rù bà mí."

Ìdákọ̀ró ké lójijì. Ó gbá ìlẹ̀kùn pẹ̀lú ìkúùkù, pákó rẹ̀ sì là. Kọ́ńsítébù di apá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti dì í; gbogbo agbára rẹ̀ ti bá ẹ̀ṣẹ́ náà lọ.

Opó náà kò ké. Ó rìn wọlé títí ó fi dé iwájú tábìlì. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò pe ọkùnrin yìí ní ohun mìíràn rí ju Bàbá lọ.

"Ìwọ," ó ní. "Dìde."

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí. Mo lè…"

"Mi ò ní ká sọ nǹkan kan. Ìta ni o ti sọ pé ọkọ mi mutí. Ìta lo ti máa sọ ohun tó pa á. Dìde, kó o jáde."

Ọ̀gá wo Abẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń wá ààbò. Abẹ́rẹ́ ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, ó mú un dání, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ọ̀gá. Ó yà fún wọn lọ́nà.

Nígbà tí ọ̀gá dé àgbàlá, àwọn òṣìṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń yí ẹ̀rọ pa á. Àwọn tó ń kọjá lójú títì rí aṣọ ọlọ́pàá, wọ́n sì dúró lẹ́nu géètì.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mutí," ọ̀gá wí sí àyà ara rẹ̀.

"A ò gbọ́," opó náà wí.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ kò mutí. Okùn tí mo fún un ti bàjẹ́, mo sì mọ̀. Kò gé e. Èmi ni mo gé e lẹ́yìn tó ṣubú. Ìdákọ̀ró kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ìdákọ̀ró fara ti ògiri, ó bojú. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́, ẹnì kan bú ọ̀gá ní ìyá àti bàbá, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Àkọ́bí dúró sẹ́yìn kọ́ńsítébù, ó ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí ẹnikẹ́ni tó ní kó nà án.

Opó náà yíjú sí géètì. Àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń kọjá, àpò wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń yọjú láàárín àwọn àgbà.

"Tún un sọ," ó ní. "Sọ ọ́ sókè. Àwọn tó ń bọ̀ yìí kò tíì gbọ́."

Ọ̀gá wo ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́. Ó tiẹ̀ fẹ́ kó dé e mọ́ òun lọ́wọ́, kí wọ́n máa mú òun lọ. Abẹ́rẹ́ fara ti iwájú ọkọ̀, ó ká apá mọ́ àyà.

"Ẹ tún un sọ, sà," ó ní. "A ò kánjú."